Bí a Ṣe Ń Pàṣẹ ní Èdè Sípéènì

  Àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí díẹ̀ nínú àwa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ mú ẹ̀kọ́ kan wá láti inú ohun tí a mọ̀, kí àwọn tí ó jókòó nínú kíláàsì lónìí lè rí nǹkan mú dání. Bóyá wọ́n ti ń retí Gíríìkì tàbí Hébérù lọ́wọ́ àlùfáà. Èdè Sípéènì ni a mú wá, èdè ilẹ̀ tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù pé òun ń gbèrò láti lọ.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. A ṣe iṣẹ́ àlùfáà fún ọdún mélòó kan ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ìjọ wa àti ìjọ àwọn tí ń sọ èdè Sípéènì jọ ń lo ilé ìsìn kan: tiwa ní òwúrọ̀, tiwọn ní ọ̀sán. Àwa ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wa, nítorí náà àwa ni a ń ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ó ń gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ lónìí, tí aládùúgbò wọn, ẹni tí ń tà fún wọn àti ẹni tí ń tọ́jú wọn ní ilé ìwòsàn jẹ́ ará Mẹ́síkò tàbí Kòlóḿbíà. Ẹni tí kò tilẹ̀ fẹ́ rìn jìnnà, kí ó rántí pé ní Equatorial Guinea, tí ó wà lódìkejì omi sí Calabar, èdè Sípéènì wà lára èdè ìjọba.

Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ a máa fi gbólóhùn àṣẹ pamọ́ sí ẹ̀yìn, lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti rẹ̀. Ní tiwa, a rò pé iwájú ni ó yẹ kí ó wà. Ọ̀rọ̀ tí àlejò àti onílé máa ń kọ́kọ́ nílò ni wọlé, gbà, dúró, jẹun, sọ̀rọ̀. Àṣẹ ni gbogbo wọn, kò sì sí ìbínú nínú ọ̀kankan. Àṣẹ ‘má ṣe’ ní ọ̀nà tirẹ̀. A ó fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwa fúnra wa ń ṣe ní èdè Yorùbá, nítorí ẹni tí kò mọ ilé ara rẹ̀ kò lè mọ ilé ẹlòmíràn. Ní èdè wa, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í yí padà. Wọlé ni a ń sọ fún ọmọdé. Bí ó bá jẹ́ àgbà, a ó fi ẹ síwájú: Ẹ wọlé. Ẹ yìí kan náà ni a ó sì lò bí ó bá jẹ́ ogún ọmọdé ni ó dúró níta. Iṣẹ́ méjì ni ẹ kékeré yìí ń ṣe: ó ń bu ọlá fún ẹnì kan, ó sì ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ. Èdè Sípéènì pín iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ Yorùbá ti ń kọsẹ̀, a ó sì sọ bí àwa pàápàá ṣe kọsẹ̀.

Bí a bá wá ọ̀rọ̀-ìṣe Sípéènì nínú ìwé atúmọ̀-èdè, -ar, -er tàbí -ir ni ó fi ń parí. Ẹ mú àwọn wọ̀nyí: hablar, sọ̀rọ̀, pasar, wọlé tàbí kọjá, esperar, dúró dè, comer, jẹun, leer, kàwé, abrir, ṣí nǹkan, escribir, kọ̀wé. H kì í dún rárá, nítorí náà ‘ablár’ ni a ń pe hablar. Ní ti àṣẹ, gbogbo wọn ni ó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń tẹ̀lé òfin láìyà bàrá. Àwọn olóríkunkun wà nínú èdè náà bí wọ́n ṣe wà nínú gbogbo kíláàsì, ṣùgbọ́n a kò ní í pè wọ́n lónìí.

Fún ọmọdé, ọ̀rẹ́, ẹgbẹ́ ẹni àti ará ilé, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ tí a ń lò ni tú, èyí tí í ṣe ‘ìwọ’. Àṣẹ rẹ̀ rọrùn jù lọ: ẹ sáà mú r ìparí kúrò. Hablar di habla, pasar di pasa, esperar di espera, comer di come, leer di lee. Ti -ir ń fẹ́ ohun kan sí i, i rẹ̀ a di e: abrir di abre, escribir di escribe. Ẹni tí ó bá ti kọ́ díẹ̀ nínú èdè náà yóò wí pé, ‘Ṣebí habla yìí kan náà ni ó túmọ̀ sí pé ó ń sọ̀rọ̀?’ Bẹ́ẹ̀ ni. Ohùn ẹni tí ń sọ ọ́ ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn. Nínú ìwé, àwọn ará Sípéènì a máa fi àmì ìyanu sí iwájú àti ẹ̀yìn, ti iwájú ní ìdorí kodò: ¡Habla! Ó wù wá púpọ̀. Ẹni tí ń kàwé sókè yóò ti mọ irú ohùn tí yóò mú kí ó tó la ẹnu.

Fún àgbà, àlejò, ọ̀gá, àti ẹni tí a kò mọ̀ rí, usted ni. Ìtàn ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ọmọ Yorùbá gbọ́, nítorí yóò rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ará Sípéènì kì í dojú ọ̀rọ̀ kọ ẹni ọlá ní tààrà. Vuestra merced ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé ‘oore-ọ̀fẹ́ yín’. Ẹnu ń yára, ọdún sì ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ méjèèjì súnkì di usted. Nítorí náà, títí di òní, ẹni tí ń bá usted sọ̀rọ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó ń sọ nípa rẹ̀. Àwa náà kì í dúró níwájú ọba kí a wí fún un pé ‘Jókòó’. ‘Kí Kábíyèsí ó jókòó’ ni a ń wí, ọba yóò sì mọ̀ pé òun ni. Kí...ó yìí gan-an ni àṣẹ usted. Ẹni tí ó bá di èyí mú kò ní í rí i bí òfin àjèjì mọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ mú bí ènìyàn ṣe ń sọ pé ‘mo ń ṣe’: hablo, mo ń sọ̀rọ̀, como, mo ń jẹun, abro, mo ń ṣí i. Ẹ gé o kúrò. Ìdílé -ar yóò gba e: hable, pase, espere. Ìdílé -er àti -ir yóò gba a: coma, lea, abra, escriba. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n pààrọ̀ fáwẹ́lì bí aládùúgbò méjì tí ó pààrọ̀ ilé fún ara wọn: ẹni tí ó ni a tẹ́lẹ̀ bọ́ sínú e, ẹni tí ó ni e bọ́ sínú a.

Nítorí èyí, fáwẹ́lì kan ṣoṣo ni ó wà láàrin ọ̀wọ̀ àti àìlọ́wọ̀. Habla fún ọ̀rẹ́, hable fún àgbà. Come fún ọmọ, coma fún bàbá rẹ̀. Èyí tí ó ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú ni pé a kò lè wí pé ‘e ni fáwẹ́lì ọ̀wọ̀’, nítorí nínú hable ni e ti jẹ́ ti ọ̀wọ̀, nínú come kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdílé ọ̀rọ̀-ìṣe ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọkọ́ àti ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wí pé ohun kékeré ni.

Díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ń yí ìkọsílẹ̀ padà kí ìró má bàa yí. Llegar, dé, yóò di llegue. Buscar, wá nǹkan, yóò di busque. U yẹn kì í dún. Ó kàn dúró láàrin kí g àti c má bàa yọ̀ sí ìró mìíràn nígbà tí e bá tẹ̀lé wọn. Ẹ má ṣe kà wọ́n mọ́ àwọn olóríkunkun.

Bí àwọn ènìyàn bá ju ẹyọ kan lọ, ustedes ni. Ẹ sáà fi n kún ti usted: hablen, pasen, esperen, coman, lean, abran, escriban. Kò sí ohun mìíràn nínú òfin náà. N yìí ni ó sì dójú tì wá.

Tọkọtaya àgbàlagbà kan wà nínú ìjọ ọ̀sán, tí wọn kì í ya ara wọn. Ìyá a máa ṣíwájú, bàbá a máa tẹ̀lé wọn jẹ́jẹ́ nítorí orúnkún. Bí wọ́n bá dé ẹnu-ọ̀nà, a ó ṣí ilẹ̀kùn, a ó tẹrí ba, a ó wí pé, ‘Pasen.’ Àwọn méjèèjì a sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀rọ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n àwa kò mọ ìdí tí ó fi tọ́. A rò pé nítorí pé wọ́n jẹ́ àgbà ni. A ti gbé ẹ ti èdè Yorùbá wọ inú n ti èdè Sípéènì, ó sì dá wa lójú pé ọ̀wọ̀ ni a ń ṣe.

Nígbà tí ó yá, bàbá sùn nínú Olúwa. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá nìkan ni ó dé. A ṣí ilẹ̀kùn, a tẹrí ba ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, a sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ wí pé, ‘Pasen.’ Ìyá dúró. Wọ́n yíjú wẹ̀yìn. Wọ́n wo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, kí wọ́n tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wọlé láìwò wá lójú.

Lẹ́yìn ìsìn, ọmọ wọn obìnrin wá bá wa, ó sì fi sùúrù là wá lóye. Ó ní, ‘Àlùfáà, ẹnì kan ṣoṣo ni ìyá mi báyìí. Pase ni.’ A lọ bá ìyá ní ìjókòó wọn láti tọrọ àforíjì. Wọ́n di ọwọ́ wa mú, wọ́n sì ní kí a wí i. A ní ‘Pase.’ Wọ́n ní kí a tún un wí. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún kí wọ́n tó fi ọwọ́ wa sílẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ náà ni a ti ra ìwé gírámà, tí a sì jókòó tì í bí ọmọ kíláàsì kìíní.

Kí á padà sí ẹ̀kọ́ wa. Ní ilẹ̀ Sípéènì gan-an, ọ̀rọ̀ mìíràn wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ tàbí ọmọdé, èyí ni vosotros. Àṣẹ rẹ̀ rọrùn: r ìparí a di d. Hablad, pasad, comed, leed, abrid, escribid. Àwa tí a ti fojú kan Látìnì rí mọ ibi tí d yìí ti wá: cantate, ẹ kọrin, ni ó di cantad, orate, ẹ gbàdúrà, di orad. T ti Látìnì ni ó rọ̀ di d. Ní Mẹ́síkò àti ní ìyókù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń sọ èdè yìí, wọn kì í lo vosotros nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ustedes ni fún gbogbo ènìyàn, àgbà àti ọmọdé. Síbẹ̀ ẹ ó bá a pàdé nínú Bíbélì wọn. Ìtúmọ̀ tí Casiodoro de Reina tẹ̀ jáde ní ọdún 1569, tí Cipriano de Valera tún ṣe ní 1602, ni ó fún ẹ̀dà tí ọ̀pọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ń kà lónìí ní orúkọ rẹ̀. Àní nínú àtúnṣe ọdún 1960, vosotros ṣì ni Olúwa wa fi ń bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nítorí náà ni oníwàásù ará Mẹ́síkò ṣe lè fi d kàwé lórí àga ìwàásù, kí ó sì fi n kí ìjọ ní ẹnu-ọ̀nà, láìsí ẹni tí yóò yà á lẹ́nu. Ní Argentina ẹ tún lè gbọ́ hablá, comé, abrí fún ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo, tí ìtẹnumọ́ wà ní ìparí. Kí ẹ sáà dá a mọ̀ ti tó.

Irú àṣẹ wo ni a ń lò fún Ọlọ́run? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a rò pé usted ni, nítorí ta ni ó ga tó o? Tú ni. Escucha, gbọ́, perdona, dáríjì. Kí ó má ṣe yà wá lẹ́nu, nítorí àwa náà kì í fi ẹ gbàdúrà. Ẹni tí ń wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ‘Ẹ gbọ́’ yóò kúnlẹ̀, yóò sì wí fún Ẹlẹ́dàá pé ‘Gbọ́.’ Èdè méjèèjì, láìbá ara wọn pàdé, gbà pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni, àti pé a lè bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá.

Láàrin ènìyàn, òfin kò le tó bí a ṣe kọ ọ́ yìí. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Sípéènì, ọ̀dọ́ a máa sọ tú fún ẹni tí ó bí i lọ́mọ, ara wa kò sì lè gbà á. Ní Bogotá ní Kòlóḿbíà, ẹ lè gbọ́ usted láàrin ọkọ àti aya. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú usted níbi gbogbo, títí onílùú yóò fi wí pé Tutéame. Ọ̀rọ̀-ìṣe tutear túmọ̀ sí ‘pe ènìyàn ní tú’. Me ni ‘mi’.

Èyí mú wa dé orí ohun kan tí ó yàtọ̀ sí ti Yorùbá. Ọ̀rọ̀ kékeré bíi me, èmi, àti nos, àwa, a máa lẹ̀ mọ́ ìdí àṣẹ pátápátá, wọn a sì di ọ̀rọ̀ kan: escúchame, gbọ́ mi, escúcheme, ẹ gbọ́ mi, ábreme, ṣílẹ̀kùn fún mi. Àmì tí ẹ rí lókè yẹn kì í ṣe àmì ohùn bí tiwa. Ibi tí a ti ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ni ó ń fi hàn, kí gígùn tí ọ̀rọ̀ gùn má bàa sún un kúrò ní ipò rẹ̀. Levantarse, dìde, ni ó dára jù láti fi dánra wò: levántate fún ọmọ kan, levántese fún àgbà kan, levántense fún gbogbo ìjọ. Ní Sípéènì, d a jábọ́ kí os tó lẹ̀ mọ́ ọn: levantaos.

Ó ku àṣẹ tí àlùfáà ń lò jù, èyí tí ó kan òun tìkára rẹ̀. ‘Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà’ ni oremos, tí kò jìnnà sí oremus ti Látìnì. Fáwẹ́lì usted náà ni, a kàn fi -mos tì í: hablemos, comamos, abramos. ‘Ẹ jẹ́ kí a dìde’ ni levantémonos. S a kúrò kí nos tó dé.

Ní ọjà àti ní ojú pópó, ẹ ó gbọ́ tome nígbà tí wọ́n bá ń na nǹkan sí yín, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń wí pé ‘Ẹ gbà’. Mire, ẹ wò ó, ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Perdone ni ẹ ó fi dá ẹni tí ẹ kò mọ̀ dúró láti béèrè ọ̀nà.

Kí ẹ̀yin ọmọ kíláàsì dán èyí wò kí ẹ tó wo ìdáhùn. Èkíní, ọmọ kékeré kan mú ìwé dání: ní kí ó kàwé. Èkejì, olùkọ́ àgbà kan di kálámù mú: ní kí wọ́n kọ̀wé. Ẹ̀kẹta, ọmọ mẹ́wàá jókòó ti oúnjẹ: ní kí wọ́n jẹun, lákọ̀ọ́kọ́ ní Mẹ́síkò, lẹ́yìn náà ní Madrid. Ẹ̀kẹrin, bẹ Ọlọ́run kí ó gbọ́ wa. Ẹ̀karùn-ún, bàbá kan àti ìyàwó wọn dúró ní ẹnu-ọ̀nà: ní kí wọ́n wọlé. Ẹ̀kẹfà, ìyá àgbàlagbà kan ṣoṣo dúró níbẹ̀: ní kí wọ́n wọlé.

Ìdáhùn: Lee. Escriba. Coman, lẹ́yìn náà comed. Escúchanos. Pasen. Pase.